Ìtò ìka fún run tó le lórí dùùrù: ọ̀nà tí ẹ lè gbà tò ó, àti ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mu

Run (nóòtì púpọ̀ tó ń sáré tẹ̀ léra wọn) tó ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ìka tí kò yá. Ìka ló ń tán nílẹ̀ nígbà tí nóòtì ṣì kù. Atẹdùùrù á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ìka rẹ̀ á máa lọ lẹ́sẹẹsẹ, kó tó dé àárín, ọmọńdinrín ti dé orí nóòtì tó yẹ kí ìka kejì tẹ̀, kò sì síbi tó lè gbà mọ́ àfi kó fò. Ibi tó ti fò náà ni ohùn ti ń já. Lọ́jọ́ kejì á tún já níbẹ̀, títí tí ọwọ́ á fi mọ àṣìṣe náà bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀.

Ohun tó ń tún un ṣe ni ìtò ìka, ìyẹn ni pé kí èèyàn ti pinnu, kó tó sáré rárá, ìka tí yóò tẹ nóòtì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí a lè gbà tò ó pọ̀. Ohun tó bá ẹni tó ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ akọrin ní Òkè-Bọ́lá n'Ìbàdàn mu lè máà ran akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò ABRSM (àjọ ìdánwò orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) lọ́wọ́, ó sì lè dá ọmọ tó ń lu kíbọ́ọ̀dù lóde àríyá ní Mọ́kọ́lá dúró pátápátá. Nítorí náà, run kan ṣoṣo ni a ó fi gbogbo ọ̀nà náà wò, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí ibi tí wọ́n ti yà síra.

Run tí a ó lò

Ìka ọwọ́ méjèèjì ní nọ́ńbà láti 1 dé 5. Àtàńpàkò ni 1, ìfábẹ̀lá ni 2, ìka àárín ni 3, ìka tí wọ́n ń fi òrùka sí ni 4, ọmọńdinrín ni 5. Ti ọwọ́ òsì náà, láti àtàńpàkò ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń kà á láti apá òsì wá sápá ọ̀tún yóò máa ka gbogbo nọ́ńbà inú ìwé sódì.

Orí E-flat (tí a ń kọ ní E♭) ni run wa wà, ìyẹn ni pé E♭ ni d; ọwọ́ ọ̀tún ló ń tẹ̀ ẹ́. Bí àwọn akọrin ṣe ń kọ ọ́ ní sólúfà nìyí:

d r m d | r m f r | m f s m | f s l f | s

Lórí dùùrù, ìyẹn ni E♭ F G E♭, lẹ́yìn náà F G A♭ F, lẹ́yìn náà G A♭ B♭ G, lẹ́yìn náà A♭ B♭ C A♭, kó tó wá balẹ̀ sórí B♭. Nóòtì mẹ́rin ló wà nínú bíìtì kọ̀ọ̀kan, B♭ ìkẹyìn sì bọ́ sórí bíìtì àkọ́kọ́ nínú báà (ìpín orin) tó tẹ̀ lé e. Ó ń gòkè, ó ń padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún ń gòkè. Irú rẹ̀ ni atẹdùùrù máa ń fi gbé ìjọ wọ inú ègbè, bí ó bá sì já, gbogbo akọrin ló máa mọ̀ nítorí pé orí bíìtì tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ó já lé.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Èyí tó wúwo jù ni ibi tí run náà balẹ̀ sí. Bí ó bá balẹ̀ sórí B♭ nìkan, ọ̀rọ̀ kan ni. Bí ó bá balẹ̀ sórí kọ́ọ̀dù s d m, ìyẹn B♭ E♭ G tí ọwọ́ ọ̀tún máa fi 1, 3, 5 tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, nítorí pé àtàńpàkò gbọ́dọ̀ wà lórí B♭ kí ìka tó kù lè rí ibi dúró sí. Ìtò tó dùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé àárín tí kò bá dé kọ́ọ̀dù yìí kò wúlò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iye ìgbà tí àtàńpàkò máa gba abẹ́ ìka kọjá, àti ibi tó ti máa gbà. Gbogbo ìgbà tí àtàńpàkò bá ń kọjá ni ohùn lè yọ sókè tàbí kó pẹ́. Kíì dúdú ga ju funfun lọ, ó sì jìnnà sí wa, nítorí náà nígbà tí ìka gígùn bá dúró lórí kíì dúdú, àyè máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ fún àtàńpàkò. Bí ìka náà bá wà lórí funfun, abẹ́ rẹ̀ há.

Ìkẹta ni bóyá ìtò náà á dúró nígbà tí eré bá yá. Ìkẹrin ni owó, àkókò àti irú dùùrù tí ẹ ní: píánò onígi tí kíì rẹ̀ wúwo, tàbí kíbọ́ọ̀dù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ oníkíì 61. Ìwọ̀n ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Ọ́kítéèfù kan lórí dùùrù gidi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 16.5. Ọmọ tó ń kọ́ lórí kíbọ́ọ̀dù kékeré tí kíì rẹ̀ tóóró yóò ní ìtò tó tọ́ lórí tirẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ á ṣi ìwọ̀n tó bá débi dùùrù ńlá.

Ìtò tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé

Òun ló yá jù, kò sì ná yín ní nǹkan kan bí ìwé bá ti wà lọ́wọ́. Ẹni tó tò ó sábà mọ orin náà tinútinú, ó sì ti ro ibi tí orin ń lọ kó tó kọ nọ́ńbà sí i. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì mọ bí a ṣe ń tò ó fúnra ẹni, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ọwọ́ ẹni tó tò ó kì í ṣe ọwọ́ yín. Ibi tó ti ní kí ẹ na ìka 2 àti 5 síra lè rọrùn fún ọwọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀, kó sì fa ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ya. Ẹ má bẹ̀rù láti yí i. Ìmọ̀ràn ni ìtò tó wà nínú ìwé ìdánwò ABRSM. Wọn kì í yọ máàkì yín nítorí pé ẹ lo òmíràn, bí orin bá ti dún bó ṣe yẹ.

Fótókópì tún ní ìyọnu tirẹ̀. Bí ìwé bá ti gba ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta ní Agbowó, 1 àti 4 á bẹ̀rẹ̀ sí í jọra, àwọn nọ́ńbà tó wà létí ìwé sì lè gé kúrò. Bí ìtò kan bá ṣàdédé ní kí ẹ ṣe ohun tí ọwọ́ kò lè ṣe, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nọ́ńbà ló parẹ́. Ní ti ìwé orin ìyìn àti bébà sólúfà tí wọ́n ń pín fún akọrin, kò sí ìtò ìka kankan nínú wọn. Run tí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ń wá ojútùú sí kò sí nínú ìwé rárá, etí ni wọ́n fi gbọ́ ọ.

Ẹni tó fẹ́ wo ọwọ́ ẹlòmíì nínú fídíò wà nínú ọ̀rọ̀ yìí náà. Ó dára, bí ẹ bá lè dín eré fídíò náà kù. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi kámẹ́rà iwájú fóònù gbà lè yí ọ̀tún sí òsì. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ń ti apá ọ̀tún wá nínú àwòrán, ọwọ́ tí ẹ ń wò kọ́ ni ọwọ́ tí ẹ rò.

Ìtò sìkéèlì

Èyí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fi lélẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Sìkéèlì ni nóòtì kíì kan lẹ́sẹẹsẹ, láti d dé d tó kàn. Sìkéèlì E-flat fún ọwọ́ ọ̀tún ni E♭ 3, F 1, G 2, A♭ 3, B♭ 4, C 1, D 2, E♭ 3. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti ní ìdáhùn fún gbogbo run tó bá gòkè tààrà tàbí sọ̀ kalẹ̀ tààrà, kò ní láti jókòó ro nǹkan kan. Owó rẹ̀ ni àkókò: kíì orin (nóòtì tí a lè fi ṣe d) méjìlá ló wà, ọwọ́ méjì ni a ní, kò sì sí ọ̀nà àbùjá láti kọ́ wọn.

Lílo àtàńpàkò báyìí kì í ṣe ohun tó ti wà láti ayébáyé. Ní Jámánì ní 1753, atẹdùùrù Carl Philipp Emanuel Bach kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá òun, Johann Sebastian Bach, sọ fún òun pé nígbà èwe rẹ̀, àwọn ọ̀gá ńlá tó gbọ́ kì í lo àtàńpàkò àfi bí wọ́n bá fẹ́ na ọwọ́ jìnnà.

Ẹ wá jẹ́ ká fi sìkéèlì E-flat sórí run wa. Nóòtì mẹ́rin mẹ́rin tí a pín run sí ni a ó máa pè ní ọ̀wọ́. Nínú ọ̀wọ́ kìn-ín-ní, d r m d á jẹ́ 3 1 2 3. Ẹ gbé ọwọ́ lé e wò. Láti G tí ìka 2 wà, ẹ ní láti gbé ìka 3 gorí ìka 2 padà sí E♭. Ọwọ́ á lọ́, ìgúnpá á yọ síta, nóòtì kẹrin á pẹ́. Ọ̀wọ́ kejì, 1 2 3 1, dára. Ọ̀wọ́ kẹta, 2 3 4 2, dára. Ọ̀wọ́ kẹrin wá di 3 4 1 3: àtàńpàkò á sá gba abẹ́ ìka 4 dé C, ìka 3 á tún gorí àtàńpàkò padà sí A♭, nítorí nóòtì kan péré. Ìlọ àti àbọ̀ ni ẹ ṣe lórí ohun tí ọmọńdinrín lè tẹ̀ láì mira.

Sìkéèlì kò parọ́, ó kàn dáhùn ìbéèrè mìíràn ni. Òun ni fún ohun tó ń lọ tààrà. Run tó bá ń padà sẹ́yìn kò sí lábẹ́ òfin rẹ̀.

Ìtò ọ̀wọ́

Níbí, ẹ kò ní béèrè pé ìka wo ló ni nóòtì yìí. Ẹ ó béèrè pé nóòtì mélòó ló lè wà lábẹ́ ọwọ́ kan kí ọwọ́ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo nóòtì ọ̀wọ́ kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bíi kọ́ọ̀dù, kódà bí ó bá dún kọ̀ọ́rọ̀-kọ̀ọ́rọ̀. Ibi tí ìka bá balẹ̀ sí láì fipá ni ìtò yín.

Nínú run wa, ẹ fi 1 sórí F, 2 sórí G, 3 sórí A♭, 4 sórí B♭, 5 sórí C. Ẹ wò ó: láti ọ̀wọ́ kejì títí dé ìkẹrin, gbogbo nóòtì ló wà lábẹ́ ìka márùn-ún yìí. Ọwọ́ kò ní kúrò lójú kan. Ọ̀wọ́ kejì jẹ́ 1 2 3 1, ìkẹta 2 3 4 2, ìkẹrin 3 4 5 3. Ìka méjì tó gùn, 3 àti 4, wà lórí kíì dúdú, àtàńpàkò àti ọmọńdinrín tó kúrú wà lórí funfun. Bí ọwọ́ èèyàn ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ó ku ọ̀wọ́ kìn-ín-ní, torí pé E♭ wà nísàlẹ̀ F. Ẹ fi 2 3 4 2 tẹ̀ ẹ́. Ìka 2 á wà lórí E♭ tó jẹ́ dúdú, àtàńpàkò á sì gba abẹ́ rẹ̀ bọ́ sórí F. Gbogbo run náà wá di:

2 3 4 2 | 1 2 3 1 | 2 3 4 2 | 3 4 5 3 | 4

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni àtàńpàkò kọjá nínú nóòtì mẹ́tàdínlógún, ibi tó sì ti kọjá ni ibi tó láyè jù.

Ibi tó ti lè bàjẹ́ ni ibi ìkọjá kan ṣoṣo yẹn. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ìka 2 ti tẹ E♭ ẹlẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó mú àtàńpàkò lọ, ó ti pẹ́ jù: á já lu F, F á sì dún ju gbogbo nóòtì yòókù lọ. Àtàńpàkò gbọ́dọ̀ ti máa rìn lọ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ láti ìgbà tí ìka 4 ti wà lórí G. Nígbà tí ìka 2 bá fi máa tẹ E♭, kó ti wà lókè F, kó kàn balẹ̀. Ìgúnpá ò gbọdọ̀ gbé sókè. Bí ó bá ń gbé, a jẹ́ pé ọrùn ọwọ́ ti le, ẹ fà á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀nà yìí kò ná owó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún lè tó fún run kan. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ẹ mọ nóòtì run náà dájú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣì ń wá nóòtì kiri kò lè mọ ọ̀wọ́.

Ìtò àtẹ̀yìnwá

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí run máa balẹ̀ sí, kí ẹ wá máa ka ìka padà sẹ́yìn títí ẹ ó fi dé nóòtì kìn-ín-ní. Lójú tèmi, òun ló ṣeé gbára lé jù fún iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ìjọ kì í rántí bí run ṣe bẹ̀rẹ̀, bó ṣe balẹ̀ ni wọ́n máa ń gbọ́.

Ká ní orí kọ́ọ̀dù s d m la máa balẹ̀ sí. B♭ gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Nóòtì tó ṣáájú rẹ̀ ni A♭. Kí àtàńpàkò lè gba abẹ́ rẹ̀ dé B♭, ìka 3 tàbí 2 ló yẹ kó wà lórí A♭. Ìtò ọ̀wọ́ wa ti ní 3 níbẹ̀. Nóòtì ìkẹyìn nìkan ni a máa yí, láti 4 sí 1:

2 3 4 2 | 1 2 3 1 | 2 3 4 2 | 3 4 5 3 | 1 (pẹ̀lú 3 lórí E♭ àti 5 lórí G)

Wọ́n máa ń kọ́ ọmọdé pé kí àtàńpàkò má gun kíì dúdú. Ìmọ̀ràn dáadáa ni fún sìkéèlì, ṣùgbọ́n kì í ṣe èèwọ̀. Níbí yìí, kọ́ọ̀dù ló ń dúró dè é. Kí ẹ ti gbogbo ọwọ́ wọ inú díẹ̀ lásìkò A♭ ìkẹyìn, kí àtàńpàkò má bàa yọ̀ kúrò létí kíì dúdú.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń rẹ ọpọlọ tí kò bá tíì mọ́ra. Bí run bá gùn ju báà méjì lọ, kíkà á sẹ́yìn látòkè délẹ̀ á súni. Ní irú ìyẹn, ẹ ka báà ìkẹyìn nìkan sẹ́yìn, kí ẹ fi ìtò ọ̀wọ́ ṣe èyí tó kù, kí ẹ wá wá ibi tí méjèèjì ti lè pàdé.

Pípín in fún ọwọ́ méjì

Ọwọ́ òsì á tẹ ọ̀wọ́ kìn-ín-ní, E♭ F G E♭, pẹ̀lú 3 2 1 3. Ọwọ́ ọ̀tún á gbà á láti F pẹ̀lú 1. Ìkọjá àtàńpàkò tó wà níbẹ̀rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Bí run bá yá ju agbára ọwọ́ kan lọ, kò sí ohun tó yá tó èyí.

Àmọ́ ta ló ń tẹ béèsì? Níbi tí onígìtá béèsì bá wà, ọwọ́ òsì yín lómìnira, ẹ lè ṣe é. Níbi tó jẹ́ pé dùùrù nìkan ló ń gbé orin ró, bíi nínú ọ̀pọ̀ ìsìn àárọ̀ tí kò sí ẹgbẹ́ olórin, ìsàlẹ̀ á ṣófo fún bíìtì kan, akọrin á sì mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ bá fi pẹ́dà (èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn má tètè dákẹ́) di béèsì mú, run náà á dàpọ̀ mọ́ra wọn. Ọwọ́ méjèèjì tún máa ń kọ lu ara wọn lórí F àti G. Kí ọwọ́ òsì wà lápá etí kíì lọ́dọ̀ yín, kí ọwọ́ ọ̀tún wọ inú, kí òsì sì gbéra kíá tó bá ti tẹ E♭ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Transpose

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oníkíbọ́ọ̀dù ń ṣe é: kí wọ́n tẹ transpose, bọ́tìnì tó ń yí kíì orin padà, sí +3, kí wọ́n tẹ gbogbo nǹkan lórí C, kó máa dún ní E-flat. (Fún F, +5 ni, fún A-flat, −4.) Kò gba kíkọ́, ó sì gba èèyàn là nígbà tí olórí akọrin bá ṣàdédé gbé orin sókè.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe sí run wa. Lórí C, gbogbo nóòtì rẹ̀ di funfun. Àtàńpàkò wá ní láti gba abẹ́ ìka 2 tó wà lórí C funfun, ibi tó há, nígbà tó jẹ́ pé lórí E-flat abẹ́ kíì dúdú ló ń gbà. Ẹ lè yí i sí 1 2 3 1 | 2 3 4 2 | 3 4 5 3 | 1 2 3 1 | 2, ó sì rọrùn lọ́wọ́. Àmọ́ 2 ló balẹ̀ sórí G, kọ́ọ̀dù s d m kò sì ní ṣeé mú. Ohun tí wọ́n pè ní kíì tó rọrùn jù lọ ni kò rọrùn fún ọwọ́. Chopin, olórin píánò ọmọ Poland ayé àtijọ́, máa ń fi ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sórí E, F-sharp, G-sharp, A-sharp àti B kó tó kọ́ wọn ní C, nítorí pé ìka gígùn rí dúdú dúró lé.

Ewu rẹ̀ tó kù: bí ẹ bá gbàgbé láti dá a padà sí 0, orin tó kàn á bẹ̀rẹ̀ ní kíì tí ẹnikẹ́ni kò retí. Píánò onígi kò sì ní bọ́tìnì yẹn. Ẹni tó bá ń lo transpose ní gbogbo ìgbà kò lè jókòó sídìí dùùrù ilé ẹlòmíì.

Irú run méjì mìíràn

Ọ̀pọ̀ orin ìyìn Yorùbá ló ń lo d r m s l nìkan, nítorí náà run tó ń gòkè lórí nóòtì márùn-ún yìí wọ́pọ̀. Lórí F (F G A C D), 1 2 3 1 2 ni fún èyí tó fẹ́ kí ohùn so mọ́ra láì já. Bí eré bá yá gan-an, tí ẹ sì ní pẹ́dà, ẹ fi 1 2 3 4 5 tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé ọwọ́ lódindi sí ọ́kítéèfù tó kàn. Pẹ́dà á bo àlàfo náà. Lórí kíbọ́ọ̀dù tí kò ní pẹ́dà, àlàfo yẹn á dún kedere, ẹ má dán an wò. Lórí E-flat (E♭ F G B♭ C), 2 1 2 3 1 ló dára jù, torí pé àtàńpàkò á máa bọ́ sórí F àti C tí wọ́n jẹ́ funfun ní gbogbo ìgbà.

Ní ti run tó ń gba gbogbo dúdú àti funfun láì fo ọ̀kankan, ẹ má wá nǹkan kan kiri: 3 fún gbogbo dúdú, 1 fún funfun. Níbi tí funfun méjì bá ti tẹ̀ léra, ọwọ́ ọ̀tún á fi 1 2 tẹ E F àti B C bó ṣe ń gòkè, ọwọ́ òsì á fi 2 1.

Bí ẹ ṣe máa dán ìtò wò kí ẹ tó gbà á

Ìtò tó dára ní ìrọ̀rùn lè ṣubú lójú eré, nítorí náà ẹ má fi ìrọ̀rùn nìkan dán an wò. Bí 96 bá ni eré tí orin náà máa wà lórí mẹ́tírónóòmù (ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì ní ìṣẹ́jú kan), ẹ gbé e sí 96 lọ́jọ́ kìn-ín-ní, àmọ́ ẹ tẹ nóòtì márùn-ún péré: ọ̀wọ́ kan àti nóòtì àkọ́kọ́ ọ̀wọ́ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ dúró. Oríkèé tí ọ̀wọ́ méjì ti pàdé ni gbogbo ìjàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀, òun lẹ ń dán wò. Bí oríkèé kan bá kọ̀, tí ẹ ti tún un ṣe dáadáa tí kò yí padà, ẹ yí ìtò ibẹ̀, ẹ má fi ipá gbà á. Tí gbogbo oríkèé bá ti gbà, ẹ wá lọ sí 60, kí ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí ẹ máa fi mẹ́rin mẹ́rin gùn ún.

Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí bébà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà. Nínú run wa mẹ́ta tó: 2 lábẹ́ E♭ àkọ́kọ́, 1 lábẹ́ F tí ọ̀wọ́ kejì fi bẹ̀rẹ̀, 1 lábẹ́ B♭ ìkẹyìn. Bébà tó kún fún nọ́ńbà kò ṣeé kà lójú eré.

Bí iná bá lọ, kíbọ́ọ̀dù tí kò dún ṣì wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa fi ẹnu kọ sólúfà rẹ̀. Ìka tí kò bá mọ ibi tó ń lọ á fara hàn kíá nígbà tí kò sí ohùn tó máa bò ó. Àmọ́ kí ẹ tó fi run náà lu píánò onígi níwájú èèyàn, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ lórí onígi ṣáájú. Kíì rẹ̀ ń wọlẹ̀ tó bíi mílímítà mẹ́wàá, ó wúwo ju ti kíbọ́ọ̀dù lọ, lásìkò òjò igi á tún wú, àwọn kíì kan á máa lẹ̀. Àtàńpàkò tó ń rọra kọjá lórí kíbọ́ọ̀dù lè kọsẹ̀ níbẹ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé ọdún méjì nídìí dùùrù, ìtò inú ìwé ni kó mú, kó sì máa kọ́ sìkéèlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí ìwé bá ti na ọwọ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí olùkọ́ bá a yí i, kí wọ́n sì má tún yí i mọ́ bí ìdánwò bá ti ku oṣù kan.

Ẹni tó ń tẹ dùùrù fún akọrin láì sí ẹgbẹ́ olórin lẹ́yìn rẹ̀, ìtò àtẹ̀yìnwá ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó fi ìtò ọ̀wọ́ kún un. Kó má pín run fún ọwọ́ méjì, béèsì rẹ̀ ṣe kókó jù.

Oníkíbọ́ọ̀dù tó ní onígìtá béèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí orin rẹ̀ sì ń sáré, ọwọ́ méjì yá fún un níbi tí ọ̀wọ́ bá ti le jù, ìtò ọ̀wọ́ níbi tó kù. Bí ó bá ń lo transpose, kó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ tí wọ́n bá ṣàdédé yí kíì orin mọ́ ọn lọ́wọ́. Run tó bá mọ̀ pé òun á tẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó kọ́ ọ ní kíì rẹ̀ gan-an.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré, ọmọdé tàbí àgbà, ìtò ọ̀wọ́ ló máa ràn án lọ́wọ́ jù, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ìka márùn-ún wà lórí nóòtì márùn-ún láì nara. Bí ọ̀wọ́ kan bá gba ju nóòtì márùn-ún lọ fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, kó gé e sí méjì, kó fi àtàńpàkò kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì wá ibi tí ìka gígùn ti wà lórí dúdú láti gé e.